Owó ìrànwọ́ àti ihò ara ilé: ta ló ń sanwó kí ọ̀dọ́ tó lè kọ́ iṣẹ́ tó ń dín owó iná kù?

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀. Tí garawa tẹ́ ẹ fi ń pọn omi bá ń jò, kí lẹ máa ṣe? Ṣé ẹ máa sáré padà lọ sídìí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹwàá ni, àbí ẹ máa wá nǹkan dí ihò náà? Gbogbo wa la máa sọ pé ká dí ihò. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ilé àti iná, omi la máa ń sá lọ pọn. A máa ra ẹ̀rọ tó lágbára sí i, a máa san owó iná tó pọ̀ sí i, ihò á sì wà níbẹ̀ digbí.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní ìpínlẹ̀ bíi Michigan àti Minnesota, òtútù máa ń mú débi pé omi inú páìpù á di yìnyín. Ilé gbọ́dọ̀ gbóná kí ènìyàn tó lè gbé inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ sì wà tó dà bí ajere: bí ẹ̀rọ ṣe ń mú un gbóná látinú, bẹ́ẹ̀ ni ooru ń gba ara ihò jáde. Tálákà ló sábà máa ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, òun náà ló sì ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó oṣù rẹ̀ fún gáàsì àti iná mànàmáná.

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n wá ihò yìí rí, kí wọ́n sì dí i. Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí wọn. A máa wo ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà nídìí iṣẹ́ náà, a máa wo bí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ń fi owó ìrànwọ́ kọ́ àwọn ènìyàn níṣẹ́ yìí, a ó sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí owó pọ̀ ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ kò tètè dé.

Ọ̀nà mẹ́ta tí ooru ń gbà sá lọ

Ooru kì í dúró sójú kan. Láti ibi tó gbóná ló ti máa ń lọ síbi tó tutù, kò sì bìkítà bóyá ẹ ti san owó gáàsì. Ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà.

Àkọ́kọ́ ni ìfarakànra. Tẹ́ ẹ bá ki ṣíbí onírin bọ inú ọbẹ̀ tó ń hó, láìpẹ́ ọwọ́ ṣíbí náà á gbóná. Bẹ́ẹ̀ ni ooru ṣe ń la ògiri, gíláàsì fèrèsé àti àjà kọjá. Ṣùgbọ́n ọmọ orógùn onígi kì í tètè gbóná, torí pé igi kì í jẹ́ kí ooru kọjá bọ̀rọ̀. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń fi sínú ògiri àti sórí àjà, bíi òwú gíláàsì tàbí bébà tí wọ́n lọ̀ kúnná, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Afẹ́fẹ́ tó há sínú òwú náà tí kò lè rìn ló ń dá ooru dúró.

Ìkejì ni afẹ́fẹ́ tó ń rìn. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ tútù lọ, torí náà òkè ló máa ń lọ. Á bá ihò tó wà lókè ilé jáde, afẹ́fẹ́ tútù á sì gba ihò ìsàlẹ̀ wọlé láti rọ́pò rẹ̀. Ilé náà á wá máa fa afẹ́fẹ́ bí ihò èéfín. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ihò tó wà lájà àti èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló máa ń ba nǹkan jẹ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fèrèsé ni gbogbo ènìyàn ń wò.

Ìkẹta ni ìtànṣán. Ẹni tó bá dúró nítòsí iná tí wọ́n fi ń din àkàrà mọ̀ ọ́n dáadáa: kò fọwọ́ kan iná, kò sí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ooru sí i lójú, síbẹ̀ ojú rẹ̀ ń gbóná.

Ẹ mú bírò, ká ṣe ìṣirò díẹ̀

Fún ooru tó ń la ohun líle kọjá, ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ẹ fi bí ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ṣe ìlọ́po ìyàtọ̀ tó wà láàárín ooru inú ilé àti ti ìta, kẹ́ ẹ wá fi agbára ìdènà pín in. Agbára ìdènà yìí làwọn oníṣẹ́ ń pè ní R. Bí R bá ṣe tóbi tó ni ooru tó ń sá ṣe máa kéré tó.

Ká sọ pé àjà ilé kan fẹ̀ tó 100 mítà onígun mẹ́rin. Inú ilé wà ní ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìta wà ní òdo. Tí R àjà náà bá jẹ́ 1, ooru tó ń sá lọ jẹ́ 100 × 20 ÷ 1, ìyẹn 2,000 watt. Ó dà bí ìgbà tẹ́ ẹ tan áyọ́ọ̀nù ńlá méjì sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, tẹ́ ẹ ò sì fi lọ aṣọ kankan. Tí wọ́n bá wá fi òwú sí i títí R fi di 5, á di 100 × 20 ÷ 5, ìyẹn 400 watt. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ti lọ!

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí nìyí. Ká sọ pé ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ń kánjú, tó fi igun kan àti ẹ̀gbẹ́ wáyà sílẹ̀ láìfi òwú sí i, tí gbogbo ibi tó gbàgbé kò ju mítà onígun mẹ́rin 5 lọ nínú 100. Ibi tó fi òwú sí ń jo 380 watt. Ibi tó gbàgbé ń jo 100 watt. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 480 dípò 400. Ibi kékeré tí kò ju ìdá 5 nínú 100 lọ ti fi ìdá 20 nínú 100 kún ooru tó ń sá. Tó bá fi mítà 10 sílẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ á di 560, ìyẹn ìdá 40 nínú 100 lórí 400 tó yẹ kó jẹ́.

Ṣé ẹ rí i? Òwú kan náà, owó kan náà, ilé kan náà. Ọwọ́ tó ṣe é ló yàtọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí a máa padà sídìí rẹ̀.

Iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n ń kọ́?

Ìwé ẹ̀rí mẹ́rin pàtàkì ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ìlẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn fún iṣẹ́ àtúnṣe ilé yìí. Ti ayẹ̀léwò wà, ẹni tó ń wọn ilé tó sì ń sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ti oníṣẹ́ tó ń dí ihò, tó sì ń fi òwú sí ògiri wà. Ti olórí ikọ̀ tó ń darí wọn wà. Ẹ̀kẹrin ni ti ẹni tó ń wá yẹ iṣẹ́ wò lẹ́yìn tí wọ́n bá parí.

Irinṣẹ́ tí gbogbo wọn mọ̀ jù ni blower door. Fáànù ńlá kan ni, tí wọ́n ń gbé sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, tí wọ́n á wá fi aṣọ líle dí gbogbo àyè tó kù lẹ́nu ọ̀nà náà. Wọ́n á ti gbogbo fèrèsé, fáànù náà á máa fa afẹ́fẹ́ inú ilé jáde títí ìyàtọ̀ tó wà láàárín inú àti ìta á fi tó 50 pascal. Ó dà bí ìgbà tí atẹ́gùn tó ń sáré ní nǹkan bíi kìlómítà 32 ní wákàtí kan bá ń fẹ́ lu ilé náà láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí ihò bá wà, afẹ́fẹ́ ìta á máa gba ibẹ̀ ya wọlé. Wọ́n á fọwọ́ wá a, wọ́n á fi èéfín wá a, wọ́n á sì gbé kámẹ́rà tó ń rí ooru dání, tó ń fi ibi tútù hàn ní àwọ̀ ọ̀tọ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá dí ihò tán, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rí nìyẹn. Kò sí pé ẹnì kan ń sọ pé "ọ̀gá, mo ti ṣe é o" lásán. Ẹ̀rọ á sọ bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é.

Àmọ́ iṣẹ́ yìí léwu fún ẹni tí kò kọ́ ọ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá dí gbogbo ihò ilé tí ẹ̀rọ tó ń lo gáàsì wà nínú rẹ̀, tẹ́ ẹ ò sì yẹ ọ̀nà èéfín rẹ̀ wò, gáàsì carbon monoxide lè padà sínú ilé. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Nínú ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 1978, ọ̀dà ara ògiri lè ní òjé nínú, èyí tó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ tí eruku rẹ̀ bá fò. Ọ̀rinrin tí kò ríbi jáde lè mú kí ògiri hu èbíbu. Torí náà, dídí ihò nìkan kọ́ ni wọ́n ń kọ́. Wọ́n ń kọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ gbà wọlé àti ibi tó gbọ́dọ̀ gbà jáde.

Kí nìdí tí ìjọba fi ń dá sí i?

Ẹ lè béèrè pé, tí iṣẹ́ yìí bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn kọngílá kò fi owó ara wọn kọ́ ọmọ iṣẹ́? Ìdí mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Ọ̀gá ń bẹ̀rù. Tó bá náwó kọ́ ọmọ iṣẹ́ tán, ọ̀gá míì lè fi owó díẹ̀ lé e kó sì gbà á lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́ nílẹ̀ wa mọ ọgbọ́n tí àwọn baba wa ta sí èyí: ọmọ iṣẹ́ á sin ọ̀gá fún ọdún mélòó kan kó tó gba fúrídọ̀mù. Ní Amẹ́ríkà, ètò ìkọ́ṣẹ́ tí òfin ọdún 1937 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀: ọmọ iṣẹ́ ń gba owó ọ̀yà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, owó náà sì ń gòkè bí ìmọ̀ rẹ̀ ṣe ń gòkè.

Akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá kò ní owó tó máa fi dúró. Ẹni tó ní ọmọ àti owó ilé láti san kò lè jókòó sí kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá láìrówó. Kì í ṣe owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni ìṣòro rẹ̀. Owó ọkọ̀, owó irinṣẹ́ àti oúnjẹ ọ̀la wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìdí kẹta ni pé onílé kò rí ohun tó ń rà. Tí ẹ bá kun ilé lọ́dà, ẹ máa rí i. Òwú inú ògiri kò ṣeé rí. Onílé kò lè mọ oníṣẹ́ gidi yàtọ̀ sí ayédèrú, torí náà kì í fẹ́ sanwó gidi.

Ibí yìí ni owó ìrànwọ́ ti wọlé. Kì í ṣe owó yíyá, wọn kì í dá a padà. Ṣùgbọ́n kì í sábà gba ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tààrà. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin á yà á sọ́tọ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba tọ́rọ̀ kàn á pín in fún ìpínlẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí àjọ aláàánú, àwọn wọ̀nyí á sì fi kọ́ ènìyàn níṣẹ́.

Ìtàn rẹ̀ ti pẹ́. Nígbà tí epo rọ̀bì wọ́n gógó lẹ́yìn ọdún 1973, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí wọ́n ṣe máa dín ìlò agbára kù. Ní 1976 ni wọ́n dá ètò Weatherization Assistance Program sílẹ̀, tó ń tún ilé àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà, ètò yìí ti tún ilé tó ju mílíọ̀nù méje lọ ṣe. Ètò yìí ló sì di ibi iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti kọ́ bí a ṣe ń di ayẹ̀léwò àti olórí ikọ̀.

Ọdún 2009: owó dé bí òjò

Ní 2008, owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ètò títún ilé ṣe yìí kò tó 250 mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà náà ni ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ló kọ́kọ́ kú, àwọn káfíńtà àti bíríkìlà tó pọ̀ rẹpẹtẹ sì di ẹni tó jókòó sílé.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 2009, Ààrẹ Barack Obama buwọ́ lu òfin ńlá kan láti gbé ọrọ̀ ajé dìde. Nínú òfin náà, 5 bílíọ̀nù dọ́là wà fún títún ilé àwọn tí kò lówó ṣe. 500 mílíọ̀nù dọ́là míì wà fún kíkọ́ ènìyàn níṣẹ́ tó jẹ mọ́ agbára tó mọ́ tónítóní àti ilé tí kì í fi agbára ṣòfò. Apá kan nínú rẹ̀, nǹkan bíi 150 mílíọ̀nù, wà ní pàtó fún àwọn tí òṣì ti há mọ́ ìgbèríko tàbí ìgboro. Èrò náà dára gan-an: ẹni tí kò níṣẹ́ á kọ́ṣẹ́, ilé tálákà á gbóná, owó iná á dín kù. Òkúta kan, ẹyẹ mẹ́ta.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi òtítọ́ sọ ọ́, àtúnṣe ilé ṣe àṣeyọrí ní iye. Ilé tó ju 600,000 lọ ni wọ́n fi owó náà tún ṣe. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ falẹ̀. Òfin sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ san owó ọ̀yà tó bá ti àdúgbò mu, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò tíì sí ẹni tó gbé owó ọ̀yà kalẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí rí. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní àwọn ò ní bẹ̀rẹ̀ títí ìjọba fi máa sọ iye tí wọ́n máa san ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Owó wà nílẹ̀, òwú wà ní ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ kò lọ.

Ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló wá le jù. Ní ọdún 2011, ọ́fíìsì tó ń tọpinpin ìnáwó nínú ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ gbé ìròyìn jáde. Wọ́n ní títí di ìparí oṣù Kẹfà ọdún náà, ènìyàn 52,762 ni ètò yìí ti ràn lọ́wọ́. Iye tí wọ́n fẹ́ kó ríṣẹ́ tí ètò bá parí jẹ́ 79,854. Iye tó ti ríṣẹ́ lásìkò náà jẹ́ 8,035. Ìdá 10 nínú 100 péré nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àsìkò tí wọ́n dá fún ètò náà ti kọjá ìdajì. Iye náà gòkè lẹ́yìn ìgbà yẹn bí àwọn ètò náà ṣe ń parí lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìròyìn tó tẹ̀ lé e ní 2012 fi hàn pé nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ márùn-ún tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbà.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn iye wọ̀nyí, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló wà. Ẹnì kan wà tó jí ní àárọ̀ kùtù, tó wọ bọ́ọ̀sì méjì dé kíláàsì, tó yege, tí wọ́n fún ní ìwé ẹ̀rí, tó sì padà sílé lọ jókòó. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, owó ìrànwọ́ lè di ìjákulẹ̀ kejì lórí ti àkọ́kọ́.

Níbo ni ọ̀rọ̀ ti wọ́?

Kì í ṣe pé ẹ̀kọ́ náà kò wúlò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n pèsè oníṣẹ́, wọn kò pèsè ẹni tó máa pe oníṣẹ́. Àsìkò náà gan-an ni àwọn káfíńtà tó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ń wá iṣẹ́ kiri. Tí kọngílá kan bá ní àyè kan ṣoṣo, ta lẹ rò pé ó máa mú: ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbí ẹni tó ti ń gun òrùlé láti ọdún 1989?

Ìdí míì ni pé ọjọ́ márùn-ún kò tó sọ ènìyàn di oníṣẹ́. Ó tó láti fi kún ìmọ̀ ẹni tó ti mọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò di òòlù mú rí kò lè fi ọjọ́ márùn-ún mọ ibi tí ooru ń gbà nínú ilé ọgọ́rin ọdún.

Ìmọ̀ ìwádìí tún dá sí i

Ní 2018, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Meredith Fowlie, Michael Greenstone àti Catherine Wolfram, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ìdílé tó lé ní 30,000 ní Michigan. Ohun tí wọ́n rí kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Ìlò agbára dín kù lóòótọ́, nǹkan bí ìdá 10 sí 20 nínú 100. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ná láti tún ilé ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó agbára tó máa ṣẹ́kù. Ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ṣe ìṣirò ṣáájú ti ṣèlérí ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an lọ.

Àwọn kan ní, "Ẹ ò rí i, ìfowóṣòfò ni!" Ṣùgbọ́n ìwádìí míì tẹ̀ lé e ní ìpínlẹ̀ Illinois. Peter Christensen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè ìbéèrè tó dára jù: kí ló jẹ àyè tó wà láàárín ìlérí àti òtítọ́? Wọ́n rí i pé apá kan wá láti ìṣirò kọ̀ǹpútà tó ń sọ àsọdùn. Apá kékeré ni ti àwọn onílé tó jẹ́ kí ilé wọn gbóná sí i nígbà tí owó rẹ̀ dín kù. Ṣùgbọ́n apá tó lè tó ìdá 43 nínú 100 wá láti bí ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ṣe yàtọ̀ síra.

Ẹ rántí ìṣirò wa lókè, àbí? Mítà márùn-ún tí oníwàdùwàdù gbàgbé. Ohun tí bírò wa sọ lórí bébà, ilé àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ ní Illinois. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó dára kì í ṣe àánú tí wọ́n ń ṣe fún aláìríṣẹ́ nìkan. Ara ìdènà ooru ni. Òwú tó dára lọ́wọ́ ẹni tí kò mọṣẹ́, owó tó bá ihò lọ ni.

Owó tuntun, ọgbọ́n tuntun

Ní 2021, òfin ńlá kan lórí àwọn nǹkan amáyédẹrùn ya 40 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ láti kọ́ àwọn ayẹ̀léwò, pẹ̀lú 10 mílíọ̀nù fún ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó pa ìmọ̀ kíláàsì pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ojúlé. Ní 2022, òfin Inflation Reduction Act tún ya 200 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ láti kọ́ àwọn kọngílá àti òṣìṣẹ́ wọn. Ìpínlẹ̀ lè fi owó náà dín owó ẹ̀kọ́ kù, wọ́n lè fi san owó ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì lè bá àjọ tí kì í ṣe ti èrè ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ẹ wo ohun tó yàtọ̀. Nínú òfin 2022 kan náà, wọ́n tún ya ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ láti dá apá kan owó padà fún onílé tó bá tún ilé rẹ̀ ṣe. Ìyẹn ni pé wọ́n fẹ́ kí ẹni tó máa pe oníṣẹ́ àti oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ dé lásìkò kan náà. Ẹ̀kọ́ 2009 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé owó ìjọba kì í ṣe ogún bàbá ẹni: òfin tó gbé e wá ni òfin míì lè gbé e lọ. Ìwé ẹ̀rí àti ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ yín ni kò sẹ́ni tó lè gbà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ irú ètò yìí, ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló wà ní Houston, Chicago, Maryland àti New York, àwọn míì sì ń wá iṣẹ́ ọwọ́ tó dájú. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé:

1. Ta ni ọ̀gá tó ń dúró de àwọn tó bá parí? Ètò tó dára máa ń ní kọngílá tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó ti bá wọn dọ́wọ́ pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.
2. Àwọn mélòó ló parí nínú kíláàsì tó ṣáájú, mélòó ló sì ríṣẹ́?
3. Ìwé ẹ̀rí náà ńkọ́? Ṣé gbogbo ìpínlẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, àbí ògiri ilé ẹ̀kọ́ náà nìkan?
4. Ọjọ́ mélòó lẹ máa lò nínú ilé gidi, tẹ́ ẹ máa fọwọ́ ara yín gbé fáànù, tẹ́ ẹ máa wọ abẹ́ àjà?
5. Ta ló ń san owó ọkọ̀, irinṣẹ́ àti bàtà iṣẹ́?
6. Ìgbà wo ni owó ìrànwọ́ náà máa parí?

Kẹ́ ẹ sì là á mọ́lẹ̀ fún ara yín: ìjọba Amẹ́ríkà kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń béèrè fún owó ìrànwọ́. Tẹ́nì kan bá kọ̀wé sí yín lórí WhatsApp tàbí Facebook pé wọ́n ti mú orúkọ yín, kẹ́ ẹ san owó díẹ̀ kí owó yín lè jáde, gbájúẹ̀ ni. Ẹ sá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ńkọ́?

Sáyẹ́ǹsì kò nílò físà. Ìṣirò tá a ṣe lókè ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Detroit, ọ̀nà ló kàn yí padà: tiwọn ń sá jáde, tiwa ń ya wọlé. Oòrùn á na páànù títí á fi gbóná, páànù á tan ìtànṣán sí àjà, àjà á sì gbé e fún ẹni tó sùn lábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ̀rọ amúlétutù bá wà, ihò ẹ̀gbẹ́ fèrèsé á máa gbé afẹ́fẹ́ tútù tẹ́ ẹ fi epo jẹnẹrétọ̀ rà lọ síta.

Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà orílẹ̀-èdè jáde lórí bí ilé kò ṣe ní máa fi agbára ṣòfò. Ìlànà wà nílẹ̀. Àjọ Industrial Training Fund náà ti wà láti 1971, àwọn agbanisíṣẹ́ tí òfin rẹ̀ kàn sì ń dá ìdá 1 nínú 100 owó ọ̀yà òṣìṣẹ́ wọn sínú àpò rẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí ìtàn Amẹ́ríkà ń kọ́ wa ni pé ìlànà nìkan kò tó, owó nìkan kò sì tó. Ìlànà, owó, ọwọ́ tó mọṣẹ́ àti ẹni tó máa pe oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ pàdé lórí òrùlé kan náà.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Lálẹ́ òní, ẹ ti gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn yàrá kan, kẹ́ ẹ sì tan fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde tí ilé yín bá ní irú rẹ̀. Ẹ tan kọ́ìlì ẹ̀fọn, ẹ gbé e sórí àwo, ẹ jìnnà sí kọ́tìnnì, kẹ́ ẹ sì rọra mú un yí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ fèrèsé àti ibi tí wáyà ti gba ògiri wọlé. Níbi tí èéfín bá ti dúró ṣinṣin, kò sí wàhálà. Níbi tó bá ti tẹ̀ síbì kan tàbí tó sáré, ihò wà níbẹ̀. Ẹ ka iye rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fèrèsé kí èéfín jáde.